Abọ́ Tánganran ní Itẹ́ Àlejò

Ẹ̀rọ ata mi ń ké lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbọ́ ìbọn àkọ́kọ́. Mò ń lọ ata fún obìnrin kan tó fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ, tàtàṣé àti àlùbọ́sà kún garawa rẹ̀ dé ẹnu. Mo gbójú sókè láti ní kó bá mi bu omi díẹ̀ sí i, mi ò rí i mọ́. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ló kù níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo pa ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn ni mo wá gbọ́ ohun tí gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ṣáájú mi. Ìbọn ń dún láti apá itẹ́ òkú, àwọn tó wà lójú títì sì ń sáré gba iwájú mi kọjá láìwo ẹ̀yìn.

Ìyá Múfú, orogún mi, sáré jáde látinú ilé, ó fọwọ́ di ìró mú.

"Ìyálé mi, ẹ wọlé! Ẹ fi ata sílẹ̀ jàre!"

"Ata oníbàárà ni."

"Oníbàárà ti sá lọ, ẹ̀yin ń ṣọ́ ata!"

Síbẹ̀ a jọ gbé garawa náà wọlé. Obìnrin yẹn kò padà wá gbé e. Ata rẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nígbà tí kò sí nǹkan mìíràn nílé mọ́. Títí dòní, bí mo bá rí ẹni tó jọ ọ́ lọ́jà Ìkòtún, mo máa ń fẹ́ sún mọ́ ọn kí n tọrọ àforíjì.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò tíì gbọ́n nígbà náà, ìjà ilẹ̀ lẹ ń pè é. Mo máa ń gbọ́ yín níwájú ṣọ́ọ̀bù mi tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó ní "nígbà ìjà ilẹ̀ yẹn." Inú máa ń bí mi. Ìjà ni kí ènìyàn méjì dì mọ́ra wọn kí wọ́n fa aṣọ ara wọn ya. Èyí tí ojú wa rí ní Igando, ogun ni. Wọ́n sun ilé, ọjà kò ná, a sá, ebi pa wá, a sì sin òkú. Bí wọn kò tilẹ̀ kéde rẹ̀ lórí rédíò, ogun ni, èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ itẹ́ tí ẹ ń gbà kọjá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n ń jà lé lórí. Ẹ máa ń pè é ní Itẹ́ Àlejò, ẹ kò sì bèèrè rí ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Nígbà tí ibí yìí ṣì jẹ́ oko, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ kan wá síbí wá la gẹdú. Ọ̀kan nínú wọn kú nígbà òjò. Ọ̀nà ti bàjẹ́, kò sí ọlọ́kọ̀ tó gbà láti gbé òkú lọ sílé, òkú náà sì ti ń pẹ́ nílẹ̀. Àgbàlagbà Àwórì kan tó ni oko ibẹ̀ bá wọn kẹ́dùn, ó mú wọn lọ sí abẹ́ igi mọ́ńgòrò tó wà lẹ́yìn oko rẹ̀. Ó ní, "Ẹ sin ín síbí. Èmi náà á máa kí i tí mo bá ń lọ sí ìdí ẹ̀gẹ́ mi." Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ń sin Mùsùlùmí tí kò bá rí ẹni gbé e délé. Àlejò kún ibẹ̀ títí ibẹ̀ fi di ilé wọn.

Ọkọ mi náà wà níbẹ̀. Káfíńtà ni, Dópẹ̀mú ló ní ṣọ́ọ̀bù sí, ilẹ̀kùn tó ṣe ṣì wà lára ilé púpọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, ogun kọ́. Ó ti sọ fún wa ṣáájú pé bí òun bá kú, ká má gbé òun lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí á sin òun síbi tí òun ti lè máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ata mi. A rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan nípa itẹ́ náà, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Lèmọ́mù àgbà ìgbà náà kò gbà kí wọ́n mọ ohunkóhun lé sàréè lórí. Kò sí sìmẹ́ńtì, kò sí orúkọ, kò sí òkúta. Wọ́n á bo iyẹ̀pẹ̀, wọ́n á ṣe àdúà, wọ́n á padà. Àwa obìnrin kì í tilẹ̀ bá wọn débẹ̀, ilé la máa ń wà. Àwa tí a tọ́ dàgbà ní agbo ilé kò lè fara da irú èyí. Ojúde ni wọ́n sin bàbá bàbá mi sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ orí rẹ̀, orí ibẹ̀ la ti ń sá ata, orí ibẹ̀ la ti ń jókòó dirun. A mọ ibi tó wà. Báwo la ṣe fẹ́ sin ọkọ tàbí ọmọ, kí koríko hù lé e kí a má mọ ibi tó sùn sí mọ́?

Nítorí náà, àwọn ìyá tó wà ṣáájú wa dá nǹkan kan sílẹ̀. Láyé ìgbà tiwa, bí wọ́n bá ń gbé ìyàwó, ó máa ń kó abọ́ tánganran wá sílé ọkọ: aláwọ̀ aró, olódòdó, aláwòrán oríṣiríṣi. A máa ń tò wọ́n lé ara wọn títí dé àjà, a kì í fi wọ́n jẹun, wọ́n wà fún ẹ̀yẹ ni. Bí ọkọ bá kú, tí àwọn ọkùnrin bá ti ti itẹ́ dé, obìnrin á mú abọ́ kan nínú tirẹ̀, á mú ọkọ́ kékeré dání, á lọ. Á dojú abọ́ náà dé ibi orí òkú, á rì í mọ́lẹ̀ kí ìdí rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, á wá bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lé e kí Lèmọ́mù má rí i. A kì í sọ ọ́ fún ọkùnrin. Ìyá ló ń sọ ọ́ fún ọmọbìnrin, ìyálé ló ń sọ ọ́ fún ìyàwó.

Abọ́ aláwọ̀ aró ni mo fi sí orí ọkọ wa. Nígbà tí mo padà lọ wò ó, mo fẹsẹ̀ gbo ilẹ̀ díẹ̀, mo tún rí òmíràn ní apá ẹsẹ̀ rẹ̀, abọ́ funfun tí wọ́n ya àkùkọ pupa sí. Mo mọ abọ́ náà. Ti Ìyá Múfú ni. Mo padà délé, mo bá Ìyá Múfú nídìí àdògán.

"Ṣé o rò pé èyí tí mo fi síbẹ̀ kò tó ni?"

Kò gbójú sókè. "Ẹ̀yin ìyálé lẹ ni orí. Ẹ jẹ́ kí èmi mú ẹsẹ̀ ṣá."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. A ti jà lórí ọkùnrin yẹn nígbà tó wà láàyè tó bẹ́ẹ̀ tí ó ti sú wa.

Bí ogun náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gùn. Àgbàlagbà tó yọ̀ǹda ilẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kú, ó wá kan àwọn ọmọ-ọmọ. Àwọn yìí pín sí méjì. Àwọn kan ta itẹ́ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, àwọn kejì ní àwọn ló ni ín, àwọn náà sì ti rí oníbàárà tiwọn. Ìhà kọ̀ọ̀kan lọ kó àwọn ọmọ tó ń gbébọn wá. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, katapílà ti wọ itẹ́, ó ti hú igi mọ́ńgòrò kan, kí àwọn ìhà kejì tó dé bá wọn. Kò sí ìhà kankan nínú wọn tó ń jà nítorí àwọn tó sùn síbẹ̀.

Ilé wa wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí àwọn ti apá ọ̀nà Ìkòtún bá yìnbọn, ti apá Solous á dáhùn. A bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìbọn yàtọ̀ sí ìbọn. Ti ṣakabùlà máa ń wúwo, ilẹ̀kùn á gbọ̀n. Ti àwọn kékeré á máa ta pàrà pàrà lórí páànù. Èyí tí mo kórìíra jù ni àkókò tí kò bá dún, nítorí a kò mọ ibi tí wọ́n tún ń gbà bọ̀.

Wọ́n ń mú ọkùnrin. Ìhà yìí á ní ìhà ọ̀hún lo wà, ìhà ọ̀hún á ní ìhà yìí lo wà, kò sí ìdáhùn tó dára. Àwọn ọkùnrin àdúgbò sá, Lèmọ́mù náà sá. Mi ò bá wọn wí, èmi náà ni mo ti Ràṣídì ọmọ mi jáde. Ó ní òun kò ní lọ láìmú wa dání. Ó ti rí yàrá sí Gowon Estate lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ. Kí lẹ fẹ́ máa ṣọ́? Bàbá ti kú, kò sóhun tí wọ́n tún lè fi ṣe."

"Wọ́n fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé sí i láyà."

"Ẹ̀yin nìkan ló máa dá katapílà dúró, àbí?"

"Bí gbogbo wa bá lọ, ta ló máa mọ ibi tí ó wà? Ìwọ mọ̀ ọ́n?"

Kò mọ̀ ọ́n. Ó yíjú sí Ìyá Múfú bóyá ìyẹn á bá òun bẹ̀ mí. Ìyá Múfú ní, "Ibi tí ìyálé mi bá wà ni mo wà, ká má bàa sọ pé òun nìkan lọ́kọ." Ọmọ náà sunkún, ó lọ. Mo dì mọ́ ilẹ̀kùn títí mi ò fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Gààrì ló kọ́kọ́ tán, lẹ́yìn náà kẹrosíìnì. A wá ń bu ata oníbàárà yẹn sínú omi gbígbóná, a ń mu ún bí ọbẹ̀. Ó ń jóni nínú, ṣùgbọ́n ó ń tan ebi fún ìgbà díẹ̀. A ń jẹ ewé tó hù lẹ́yìn balùwẹ̀. Ìyá Múfú tinrín tó bẹ́ẹ̀ tí ìró ń yọ́ bọ́ ní ìdí rẹ̀, ó ní, "Ọkọ wa ìbá rí mi báyìí, ì bá tún fẹ́ mi." Nígbà tí wọ́n wá ń fi epo jó ilé láti igun àdúgbò wa bọ̀, a kò lè dúró mọ́. Abọ́ kan ṣoṣo ni mo mú jáde nínú gbogbo ẹrù mi, abọ́ aláwọ̀ aró, ìkejì èyí tó wà lórí ọkọ wa. Inú rẹ̀ la ti ń jẹ ìwọ̀nba tí a bá rí. A gba ẹ̀yìn ilé, a gun ọgbà, a bọ́ sí ilé ìjọ àwọn aláṣọ funfun tó fẹ̀gbẹ́ kan itẹ́.

Àwọn tó wà níbẹ̀ ti pọ̀. Ìyá Àdúrà ló ń darí wọn, obìnrin Ẹ̀gùn kan láti Àgbádárìgì. A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, agogo wọn àti ìpe ìrun wa ti ń bá ara wọn jà láti ìgbà pípẹ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú sùtànà, kò wọ bàtà.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé kíá. Bàtà nìkan ni kí ẹ bọ́."

"Àwa náà ń bọ́ bàtà ní tiwa," ni Ìyá Múfú wí.

"Ó dáa náà, ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó fi igun kan hàn wá tí ó kọjú sí gábàsì kí a lè máa kírun. Kò bèèrè ìdí tí a kò fi ṣe àmín sí àdúrà wọn. Wọ́n ní iṣu díẹ̀ tó kù láti ìgbà ìkórè wọn, wọ́n pín in fún gbogbo wa dọ́gba dọ́gba. Láti ojú fèrèsé ibẹ̀, mo lè rí itẹ́. Katapílà dúró láàárín rẹ̀, wọ́n ti pa ẹni tó ń wà á tàbí ó ti sá. Ó ti tu ilẹ̀ gbọọrọ kan. Mo ń fojú wọ̀n ọ́n láràárọ̀: kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọkọ wa.

Omi ló pa Ìyá Múfú. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ wà ní òdìkejì títì, a sì ń lọ pọn ọ́n ní ìdájí tí àwọn ọmọ agbébọn náà bá ń sùn. Èmi ló kàn. Mo ti mú kẹ́ẹ̀gì, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Orúnkún yín kò dáa, ẹ jókòó." Mo jókòó. Ìbọn kan ṣoṣo ló dún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mi ò tilẹ̀ rò ó pé ó kàn mí, nítorí ẹyọ kan ni, a ti gbọ́ púpọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, a rí i tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì, omi ti dà tán.

Mo pariwo. Mi ò ní purọ́ fún yín pé mo ní sùúrù. Mo bú u, mo ní ta ló rán an, mo ní kí ló kàn án nípa orúnkún mi. Ìyá Àdúrà di èjìká mi mú títí mo fi dákẹ́.

A kì í jẹ́ kí òkú Mùsùlùmí pẹ́ nílẹ̀. Kò sí Lèmọ́mù, kò sí Ràṣídì, Múfú ọmọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn kò mọ̀ pé òun kò ní ìyá mọ́. Kò sí aṣọ funfun tí a máa fi sin ín, ọjà ti pa. Ìyá Àdúrà wọ yàrá lọ, ó gbé aṣọ funfun tuntun kan jáde, ó ṣì wà ní ìdì, ó ní sùtànà àjọ̀dún òun ni òun fẹ́ fi rán. Àwa obìnrin wẹ̀ ẹ́, a dì í bó ti yẹ.

Ó wá bi mí pé, "Ibo lẹ fẹ́ tẹ́ ẹ sí? Ilẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ilé ìjọ níbí."

Mo ní, "Ẹ ṣé o. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ wa ni."

"Àwọn ọmọ yẹn wà níbẹ̀."

"Mo rí wọn."

Ó wò mí, ó sì pe àwọn ènìyàn rẹ̀. Gbogbo wọn wọ sùtànà. Àwọn ọkùnrin àgbàlagbà díẹ̀ tó wà nínú wọn gbé òkú, ẹni kan ń lu agogo níwájú, àwa Mùsùlùmí obìnrin ń tẹ̀ lé wọn. Ọ̀sán gangan ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi ń bá òkú lọ sí itẹ́. Ọmọkùnrin kan dìde nídìí katapílà, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ dúró! Kí lẹ gbé?"

"Òkú," ni Ìyá Àdúrà wí. Kò dúró.

"Òkú ta ni?"

Èmi ni mo dáhùn. "Orogún mi ni. Ìbọn yín ló pa á níbi tó ti ń pọnmi. Mi ò mọ̀ bóyá ìwọ ni àbí àwọn ti ọ̀hún. Kúrò lọ́nà."

Ó wo aṣọ funfun, ó wo agogo, ó kúrò lọ́nà. Mo rí i tó ṣí fìlà.

Koríko ti bo ibẹ̀, a kò mọ ibi tí gábàsì wà gan-an nítorí igi tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni katapílà hú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gbo ilẹ̀. Àtàǹpàkò mi kan nǹkan tó tutù. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ nu ún, àwọ̀ aró ni. Mo wá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, mo rí àkùkọ pupa. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó bá abọ́ méjèèjì yẹn lọ ní ọ̀gbọọgba. Bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ bí a ṣe máa kọjú rẹ̀. Mo kírun sí i lára bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n mo ké sí Ọlọ́run pé kó bá mi fi ìyókù kún un.

Nígbà tí a bo ilẹ̀ tán, mo ní kí n wá abọ́ tirẹ̀ láti fi sí i lórí, mo rántí pé ilé ni wọ́n wà, mi ò sì mọ̀ bóyá ilé ṣì wà. Abọ́ tí a jọ ń jẹun nínú rẹ̀ ló wà nínú ìdì mi. Mo rì í síbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ la fi ń bu oúnjẹ wa ní ilé ìjọ.

Ìbọn náà kàn dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan ni. Àwọn ọlọ́pàá púpọ̀ wọ àdúgbò, àwọn ọmọ yẹn sá, àwọn ọkùnrin wa ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ajá kò gbó, nítorí kò sí ajá mọ́. Àwọn tó pàdé lójú títì ń kí ara wọn ní ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà nílé aláìsàn. Ilé wa jó ní apá kan; yàrá Ìyá Múfú kò jó. Àwọn abọ́ rẹ̀ tò síbẹ̀ títí dé àjà, èéfín ti sọ gbogbo wọn di dúdú. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, mo sunkún tó tẹ́ mi lọ́rùn.

A rò pé ó ti parí. Kò pẹ́ tí ìjọba rán àwọn ènìyàn wá pé kí wọ́n wo ilẹ̀ náà kí wọ́n mọ̀ bóyá itẹ́ ni lóòótọ́. Ẹni tó ń gbẹnusọ fún àwọn tó rà á wọ aṣọ tó dáa, ó nawọ́ sí koríko.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Igbó lásán ni. Ibo ni sàréè wà níbẹ̀?"

Olórí àwọn tí wọ́n rán wá yíjú sí Lèmọ́mù wa. Ọmọ Lèmọ́mù àgbà tó ti kú ṣáájú ogun ni, òfin bàbá rẹ̀ lòun náà ń tẹ̀ lé.

Ó ní, "Sàréè wà níbẹ̀. Bàbá mi gan-an wà níbẹ̀. Ẹ̀sìn wa ni kò gbà ká kọ́ nǹkan lé e."

"Mo gbọ́, Alùfáà. Ẹ ṣáà fi hàn mí."

Lèmọ́mù wo ilẹ̀. Ó tọ́ka sí ibì kan, ó tún tọ́ka sí òmíràn, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ọkùnrin aláṣọ dáadáa yẹn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló mú mi jáde láàárín àwọn obìnrin.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún wa díẹ̀."

Lèmọ́mù ní, "Ìyá Ràṣídì, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"A fẹ́ gbálẹ̀."

A ti mú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ wá. Opó ló pọ̀ jù nínú wa, àwọn mìíràn wá nítorí ìyá wọn tó ti kú, tó ti fi ibi tí tiwọn wà hàn wọ́n kó tó lọ. Ìyá Àdúrà náà wá, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n ń kó koríko tí a ro kúrò. Ẹ ó ṣáà máa gbọ́ ọkọ́ tó ń ro, tó ń ro, lójijì á kan irin, kán-ín. Ẹni tó kàn án á kúnlẹ̀, á fi ìgbálẹ̀ gbá a, á fi etí ìró nù ún. Funfun kan yọ. Àwọ̀ ewé kan yọ. Òdòdó yọ, ẹja yọ, òṣùpá àti ìràwọ̀ yọ. Àwọn kan ti dípẹtà dé ìdí. Katapílà ti fọ́ àwọn kan, a kó wọn padà sí ààyè wọn. Nígbà tí a nàró, ìlà ìlà ni wọ́n wà láti ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí títí dé ọgbà ilé ìjọ, gbogbo wọn tò bí ẹni tó dúró lórí ìrun. Mo mú olórí àwọn tí ìjọba rán wá lọ síbi ọkọ wa, mo ní kó dúró níbi orí, mo lọ dúró níbi ẹsẹ̀. Mo ní, "Ẹ wò ó, ọkùnrin gíga ni." Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún gbé katapílà wá síbẹ̀ mọ́.

Mò ń retí pé Lèmọ́mù á bínú. Ó ń rìn láàárín àwọn abọ́ náà, ó fa agbádá rẹ̀ sókè kó má bàa gbá wọn. Ó dúró níwájú ọ̀kan, abọ́ kékeré olómi góòlù lẹ́nu, irú èyí tó wà nílé wọn láti ìgbà èwe rẹ̀.

"Ta ló fi èyí sí orí bàbá mi?"

Mo ní, "Ìyá yín ni. Òun ló kọ́ wa."

Ó lóṣòó síbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dìde, kò sì sọ nǹkan kan nípa òfin mọ́ títí dòní. Òun gan-an ló ṣíwájú nígbà tí a ń mọ ọgbà tí ẹ ń rí yẹn, búlọ́ọ̀kù tó kọ́kọ́ lélẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e. Lẹ́yìn ọdún Iléyá lọ́dọọdún, gbogbo wa ń lọ síbẹ̀ lọ ro koríko, a ń nu àwọn abọ́. Àwọn aláṣọ funfun ń gbé omi wá fún wa. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má máa sọ pé iṣẹ́ àwọn arúgbó ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ibẹ̀ ṣófo lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀yin lẹ máa gbé ọkọ́.

Mo tún ẹ̀rọ ata mi ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan án, àwọn ará àdúgbò sá wọlé nítorí ariwo rẹ̀, wọ́n tún jáde, wọ́n ń bú mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kó ké dáadáa, kí ọkọ mi gbọ́.

Mo fọ èéfín kúrò lára àwọn abọ́ Ìyá Múfú. Mo pín wọn fún àwọn ọmọ rẹ̀, àyàfi ọ̀kan. Abọ́ alákùkọ yẹn, méjì ni wọ́n, ọ̀kan ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ wa. Ìkejì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo fi aṣọ wé e. Kí ẹnikẹ́ni má fi jẹun. Abọ́ tèmi wà ní orí Ìyá Múfú ní itẹ́; bí ọjọ́ mi bá pé, tirẹ̀ ni kí ẹ fi sí orí mi, ní ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ wa. Ó ti mú ẹsẹ̀ pẹ́ tó.